Níti Púlọ́ọ̀gì àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Ó Yẹ Ẹ̀rọ Ńlá

Láti Òṣogbo títí dé Iléṣà ni àwọn òpó irin gíga ti gbé wáyà kọjá lórí oko kòkó, oko obì àti ìgbẹ́ ọ̀pẹ. Iná tí ń gba inú wáyà wọ̀nyí kọjá jẹ́ 132,000 fólítì; èyí tí ó ń wọ Òṣogbo láti ọ̀nà jíjìn sì jẹ́ 330,000. Ní Òṣogbo náà ni iyàrá ńlá nì wà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ iná gbogbo Nàìjíríà tọ̀sán-tòru. Kò sí ẹ̀rọ kan ní ilé ẹnikẹ́ni tí ó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń dín in kù ní ìpele-ìpele: a dín in sí 33,000, a tún dín òmíràn sí 11,000, títí tíráńsífọ́mà tí ó dúró ní àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di 415. Wáyà mẹ́rin ni ó ti ibẹ̀ jáde. Mẹ́ta nínú wọn ni ó gbé iná wá, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní féèsì. Ìkẹrin ni níútírà, tí iná ń gbà padà. Láàárín féèsì kan àti èkejì rẹ̀, 415 fólítì ni. Láàárín féèsì kan àti níútírà, 240 ni. Àwọn ìwé tuntun ń kọ 400 àti 230 dípò wọn, ṣùgbọ́n iná kan náà ni.

Ilé gbígbé ń lo 240. Ilé ìlagi, ilé àwọn ajórin, àti ibi tí a ti ń pa èkùrọ́ a máa lo 415 pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí a dá sílẹ̀ ní agbègbè yìí ní oníṣẹ́ iná tiwọn tí ó mọ èyí: ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo àti ilé tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ níbẹ̀, tí a dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, àti ilé ìpọntí Iléṣà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978 (ohun tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí). Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ra ẹ̀rọ ìlọ̀ gbágùúdá, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tí ó sì fi gbogbo owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìjórin kan, kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ń tà ní ọjà lónìí ni ó jẹ́ tókunbọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì, ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà kí ó tó dé ìhín, orí wáyà rẹ̀, èyí tí à ń pè ní púlọ́ọ̀gì, kò sì bá ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri mu. Ohun tí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé yóò mú ọ̀bẹ, yóò gé orí náà sọnù, yóò sì so òmíràn tí ó rà ní ọjà mọ́ ọn. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ra òmíràn. Yóò bó wáyà náà, yóò sì fi igi ìṣáná há a sínú ihò. Bí ẹ̀rọ náà bá yí, inú rẹ̀ a dùn, a sì wí pé iṣẹ́ parí. Ìgbà náà gan-an ni ewu bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tí ó ṣe púlọ́ọ̀gì ni pé orí kan kì í wọ ihò òmíràn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kíkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kò ti gbọdọ̀ ṣí ilé kejì, bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ tí ń lo agbára kan kò gbọdọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní agbára mìíràn. Ẹni tí ó gé orí náà sọnù ti lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Iná tí ó wà lẹ́yìn ògiri kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ náà ń béèrè kò yí padà. Kò burú láti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Oníṣẹ́ iná a máa ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó mú ọ̀bẹ, a gbọ́dọ̀ mọ fólítì tí ẹ̀rọ náà fẹ́, iye áńpíà tí yóò fà, bóyá féèsì kan ni ó ń lò tàbí mẹ́ta, àti ibi tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ wà.

Ara ẹ̀rọ náà ni ìdáhùn wà. Àwo irin kékeré kan a máa wà lára rẹ̀, nígbà púpọ̀ nítòsí ibi tí wáyà ti wọlé, tí a kọ iye fólítì sí pẹ̀lú lẹ́tà V, iye áńpíà pẹ̀lú A, àti agbára rẹ̀ pẹ̀lú kW tàbí HP. Bí òróró àti erùpẹ̀ bá ti bò ó, kí a fi epo òyìnbó nù ún kí a tó san owó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í ra aṣọ láìnà án wò. Èé ṣe tí yóò fi ra ẹ̀rọ láìka àwo rẹ̀? Bí ẹnìkan bá sì ti yọ àwo náà kúrò, kí olùrà pe oníṣẹ́ iná wá wò ó ná, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó tà á.

Fólítì dàbí gíga òkè tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Áńpíà dàbí ìwọ̀n omi tí ń gba inú páìpù kọjá. Bí a bá sọ ọ̀kan di púpọ̀ nípa èkejì, a ó mọ iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe, èyí tí a ń pè ní wáàtì. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ó wà nínú ilé púpọ̀ lónìí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1947, kò gbọdọ̀ gbé ju áńpíà 13 lọ. 240 ní ọ̀nà 13 jẹ́ 3,120 wáàtì. Èyí tó fún áyọ́ọ̀nù, ó tó fún ẹ̀rọ tí ń se omi, ó sì tó fún ẹ́ńjìnnì kékeré. Ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ńlá tí a ṣì ń rí nínú àwọn ilé àtijọ́, tí ìlànà rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1934, a máa gbé áńpíà 15.

Nísinsin yìí kí a gbé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wò. Agbára ẹṣin kan jẹ́ 746 wáàtì. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 2 yóò fa nǹkan bí áńpíà 10 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí féèsì kan; ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó bá fi ń dìde, ó lè fà tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 10, bí a bá fẹ́ fi féèsì kan yí i, yóò fa ju áńpíà 40 lọ. Bí a bá pín in sórí féèsì mẹ́ta, nǹkan bí áńpíà 15 péré ni yóò kan wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ìdí tí ilé ìlagi fi ń béèrè féèsì mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìjórin ńlá pẹ̀lú lè fa áńpíà 30 tàbí 50. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ó ti ẹ̀rọ áńpíà 50 bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 13, ilé ni ó ń fi ṣe ìdáná.

Fíúùsì kékeré tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ wà láti jó kí wáyà má baà jó. Àwọn kan a máa yọ ọ́ kúrò nígbà tí ó bá ti jó lẹ́ẹ̀mejì, wọn a fi ìṣó tàbí bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀. Fíúùsì tí ń jó lemọ́lemọ́ ń wí fún olówó rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà kò sí ní ibi tí ó yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni púlọ́ọ̀gì tí ó gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dì í mú, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti di pọ́nrán bí àgbàdo sísun. Kí a má ṣe dúró de èéfín.

Wáyà pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Wáyà bàbà tí a kọ 2.5 sí lára ni a sábà ń fi dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Fún áńpíà 32, oníṣẹ́ iná yóò béèrè 6. Fún 50, yóò béèrè 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ilé iṣẹ́ bá jìnnà sí òpó. Kí olùrà fi ọ̀bẹ ha wáyà náà níwájú ẹni tí ń tà á: bí inú rẹ̀ bá funfun, bàbà tí a fi pa á lára lásán ni, kò sì lè gbé ohun tí a kọ sí i.

Fún iná 415, a kì í lo púlọ́ọ̀gì ilé rárá. Púlọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ wà fún un, tí ó tóbi, tí ó róbótó, tí ó sì ní ìdérí. Àwọ̀ ni a fi ń mọ̀ wọ́n ní òkèèrè: àwọ̀ ìyeyè fún 110 fólítì, búlúù fún 230, pupa fún 400. Kì í sì í ṣe àwọ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ wáyà ilẹ̀ nípọn ju ẹsẹ̀ yòókù lọ, ipò rẹ̀ sì dàbí ọwọ́ aago: nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ti aláwọ̀ ìyeyè ń tọ́ka sí agogo mẹ́rin, ti búlúù sì ń tọ́ka sí agogo mẹ́fà, tí ọ̀kan kò fi ní lè wọ inú èkejì bí olúwa rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ afọ́jú. A ṣe wọ́n ní áńpíà 16, 32, 63 àti 125, títóbi wọn sì yàtọ̀. Aláwọ̀ pupa a máa ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní féèsì mẹ́ta àti wáyà ilẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fi níútírà kún un, fún ẹ̀rọ tí ó ní gílóòbù tàbí ohun mìíràn tí ń lo 230 nínú ara rẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ní ihò mẹ́rin tí púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ sì ní ẹsẹ̀ márùn-ún, kí a fa níútírà wá láti ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá fi wáyà ilẹ̀ ṣe níútírà ti fi iná sí ara ẹ̀rọ gbogbo tí ó wà nínú ilé náà. Kí a sì máa pa súwíìsì kí a tó fa púlọ́ọ̀gì ńlá yọ, nítorí iná 415 lè bù yẹ̀rì jó ọwọ́ àti ojú.

Ohun méjì kan wà tí ó jẹ́ ti féèsì mẹ́ta nìkan. Bí a bá ṣi féèsì méjì gbé fún ara wọn, ẹ́ńjìnnì náà yóò máa yí sẹ́yìn. Ayùn ìlagi yóò ju igi lu ẹni tí ó dúró tì í, ẹ̀rọ ìfami kò sì ní fa omi bí ó ti yẹ. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà lófìfo, kí a wo ìhà tí ó ń yí sí. Èkejì ni pé bí féèsì kan bá lọ lórí òpó, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà òjò, ẹ́ńjìnnì yóò máa kùn láìyí, tàbí yóò yí pẹ̀lú ìnira títí yóò fi jóná. Ohun èlò kékeré kan wà tí ń gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tí féèsì kan bá sọnù. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti dídì wáyà inú ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ẹ̀rọ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ilé wọn ń lo 120 fólítì, iná wọn sì ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí tiwa jẹ́ 50. Ohun tí ń mú nǹkan gbóná, tí a ṣe fún 120, bí a bá fi sí 240, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kì í sì í pẹ́ kí ó tó jó. Ó gbọ́dọ̀ ní tíráńsífọ́mà tí yóò dín iná kù fún un, tí wáàtì rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin ńlá wọn kì í lo 120. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí a ṣe fún áńpíà 50: wáyà iná méjì àti wáyà ilẹ̀ kan, láìsí níútírà, nítorí pé 240 wọn wà láàárín wáyà iná méjì. Níhìn-ín, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò lọ sí féèsì, èkejì sí níútírà, wáyà ilẹ̀ yóò sì lọ sí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti so ó mọ́ féèsì méjì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún; 415 ni wọ́n fún ẹ̀rọ 240, wọ́n sì sọ owó náà nù ní ìṣẹ́jú kan. Kí a wò ó bákan náà bóyá 50/60 ni a kọ sí àwo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 60 nìkan, ó lè gbóná jù lọ́dọ̀ wa, ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan yóò sì rọ̀ sí 1,500.

Àwọn tí ó ti Jámánì wá ní ẹsẹ̀ róbótó méjì, irin wáyà ilẹ̀ wọn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orí púlọ́ọ̀gì. Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ní ìlẹ̀kùn kékeré nínú, tí ẹsẹ̀ gígùn wáyà ilẹ̀ nìkan ń ṣí. Gbogbo ènìyàn ni ó ti rí i bí a ti ń fi bírò tàbí igi tẹ ihò òkè kí ẹsẹ̀ róbótó méjì lè wọlé. Ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ìlẹ̀ mọ́: bí wáyà iná kan bá bó nínú rẹ̀ tí ó sì kan irin ara rẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án ni iná yóò gbà kọjá.

Nígbà tí a bá ń so púlọ́ọ̀gì tuntun, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà láìdán an wò. Ní ìlànà àtijọ́, pupa, ìyeyè àti búlúù ni féèsì mẹ́ta, dúdú ni níútírà. Ní ìlànà tuntun tí Bìrìtéènì gbà fún wáyà inú ilé ní ọdún 2004, tí ó sì di dandan níbẹ̀ ní ọdún 2006, féèsì mẹ́ta di àwọ̀ pákó, dúdú àti eérú, búlúù sì di níútírà. Nítorí náà, dúdú tí ó jẹ́ níútírà nínú ilé bàbá lè jẹ́ féèsì nínú ẹ̀rọ ọmọ. Àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìyeyè nìkan ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí wáyà ilẹ̀; ewé lásán ni ti àtijọ́.

Wáyà gígùn tí a fi ń fa iná lọ sí òde nígbà ìkórè ní ọgbà ìjọ wà nínú ọ̀ràn yìí pẹ̀lú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò wúwo, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ ìmú-nǹkan-tutù méjì àti ẹ̀rọ tí ń se omi kún un lórí wáyà kan tí a ká jọ bí ejò, yóò gbóná láàárín ká rẹ̀. Kí a tú u kalẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni wáyà olórí méjì, tí àwọn kan fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Iná náà yóò gba inú ilé jáde sí òpó, tíráńsífọ́mà yóò sì sọ ọ́ di 11,000 padà, níbi tí òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe ti gbà pé iná kò sí. Súwíìsì ìpààrọ̀ tí ó ya jẹnẹrétọ̀ nípa sí iná òpó ni kí a lò.

Bí iná bá di ẹnìkan mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Kí a kọ́kọ́ gé iná ní ìdí rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, tí ó sì jẹ́ iná ilé, kí a dúró lórí pákó gbígbẹ, kí a fi igi gbígbẹ ti wáyà náà kúrò. Iná orí òpó gíga kò ṣeé sún mọ́ rárá títí a ó fi gé e. Bí ẹni náà kò bá mí, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́ dúró, bí àwọn yòókù ti ń wá ọkọ̀. A kì í da omi sí i lára, a kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Bí ó tilẹ̀ dìde tí ó sì ń rìn, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí iná a máa da ọkàn rú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Wáyà ilẹ̀ tí a ti mẹ́nu kàn títí kò ní agbára bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ tútù. Ọ̀pá bàbà ni a ń rì, kí ó wọlẹ̀ jìn, kí ó sì jìnnà sí ibi àpáta, èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní àkókò ọyẹ́, ilẹ̀ a gbẹ, iná kì í sì í wọ inú rẹ̀ dáadáa. Kí a máa da korobá omi kan sí ìdí ọ̀pá náà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, kí oníṣẹ́ iná sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n kí iṣẹ́ èkùrọ́ tó bẹ̀rẹ̀.